Tíṣà Tó Kọjá Òkun: Kí Ló Ń Bá Lọ́hùn-ún?

 

Ọ̀rọ̀ jápa kì í ṣe ti nọ́ọ̀sì àti dókítà nìkan mọ́, ó ti wọ kíláàsì. Bí tíṣà Ìṣirò bá parí tẹ́ẹ̀mù kan tí a ò sì rí i ní tẹ́ẹ̀mù kejì, ohun tí a máa ń bi ara wa ni pé, "Ṣé ó ti lọ sí London ni?" Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe ń lọ? Kí sì ni ojú wọn ń rí tí wọ́n bá débẹ̀?

Bí ọ̀nà náà ṣe ṣí

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2023, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí ọ̀nà tuntun fún àwọn tíṣà láti ibi mẹ́sàn-án. Nàìjíríà, Gánà, Jàmáíkà àti Íńdíà wà lára wọn. Tíṣà tó bá yege á gba ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n ń pè ní QTS, láì tún ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ tíṣà lọ́hùn-ún. Wọ́n máa ń béèrè dìgírì, ẹ̀rí pé ó kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ó kéré tán ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́, àti pé ó gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. TRCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, náà á jẹ́rìí sí i pé kò lẹ́jọ́ lọ́rùn.

Ẹ wá gbọ́ o: kì í ṣe gbogbo tíṣà ni wọ́n ń wá. Tíṣà Ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti èdè òkèèrè bíi Faransé ni wọ́n ṣí i fún, àwọn tó lè kọ́ ọmọ ọdún 11 sí 16. Àwọn tó ṣòro rí lọ́dọ̀ tiwa náà gan-an nìyẹn! Tí tíṣà Physics kan bá lọ, kì í rọrùn láti rí ẹlòmíì.

QTS kì í sì í ṣe físà. Ẹni tó gbà á ṣì máa wá iléèwé tó fẹ́ gbà á síṣẹ́, tó sì máa dúró fún un kó tó rí físà gbà.

Ọ̀wọ̀ ibẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa

Ìṣirò tí wọ́n ń ṣe níbí náà ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ohun tí tíṣà máa tún kọ́ ni bí àwọn èèyàn ibẹ̀ ṣe ń bọ̀wọ̀ fúnni.

Ojú ni ká kọ́kọ́ mú. Lọ́dọ̀ wa, bí àgbà bá ń bá ọmọ wí, ilẹ̀ ni ọmọ á máa wò. Tó bá tẹjú mọ́ àgbà, wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Lọ́hùn-ún, ọmọ tó ń wo ilẹ̀ ni wọ́n máa rò pé ó ń fi nǹkan pa mọ́. Tíṣà tó ti ibí lọ lè kọ́kọ́ bínú sí ọmọ tó ń wò ó lójú kòrókòró, láì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun ni ọmọ náà ń fara balẹ̀ gbọ́.

Ó kan ìkíni. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ò ní "ẹ" àti "o" bíi tiwa, "you" ni fún ọmọdé, òun náà ni fún ọ̀gá àgbà. Àwọn tíṣà sì sábà máa ń pe ara wọn lórúkọ láì wo ọjọ́ orí. Ẹni tó ń pe tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní "bọ̀dá" tàbí "àǹtí" nílé, ẹnu rẹ̀ á kọ́kọ́ wúwo.

Ẹ ò ní fẹ́ kí n gbàgbé pàṣán! Láti ọdún 1987 ni òfin ti gbé e kúrò ní iléèwé ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kúrò ní ti aládàáni ní 1999. Tíṣà tó bá na ọmọ lè pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì lè dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ìkìlọ̀, dídá ọmọ dúró lẹ́yìn iléèwé àti pípe òbí ni wọ́n ń lò.

Orúkọ ńkọ́? "Gb" ò sí nínú èdè wọn, nítorí náà Gbénga lè di "Benga". Ó sàn kí tíṣà kọ orúkọ rẹ̀ sójú pátákó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń pè é.

Òtútù tún wà níbẹ̀. Nínú oṣù Kejìlá, oòrùn ti máa ń wọ̀ ní London kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù.

Àwa náà ti gba tíṣà àlejò

Kì í ṣe òní ni tíṣà ti ń rìnrìn àjò. Iléèwé ìgbàlódé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní Àgbádárìgì ní 1843, ibẹ̀ ò sì jìnnà sí Adó-Odò wa yìí. Ta ló ń kọ́ àwọn ọmọ? William de Graft àti ìyàwó rẹ̀ ni, àwọn Mẹ́tọ́díìsì tó wá láti ilẹ̀ tó ń jẹ́ Gánà lónìí. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé ní 1979, láyé Gómìnà Bísí Ọnàbánjọ ní Ògùn, àwọn ará Gánà tún pọ̀ nínú àwọn tó wá kọ́ni ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ẹ bi àwọn òbí yín àgbà wò.

Ìjọba wa náà ń ránni lọ. Láti 1987 ni ètò Technical Aid Corps ti wà, tó ń rán àwọn olùkọ́ àti dókítà lọ sí àwọn ilẹ̀ bíi Gambia fún ọdún méjì. Tí ọdún náà bá pé, wọ́n á padà wálé.

Èwo wá ni tiwa?

Gbígbé láàárín àṣà méjì ò ṣàjèjì sí wa ní agbègbè yìí. Ọmọ tó ń sọ Ẹ̀gùn nílé, tó ń ná ọjà ní Yorùbá, tó ń dáhùn ìbéèrè ní Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì, ó ti ń ṣe é. Kò ju ọ̀kan nù kó tó mú èkejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí tíṣà tó bá lọ ṣe: kó kọ́ tiwọn, kó má sọ tiẹ̀ nù, kó sì máa bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ Yorùbá nílé.

A ò lè dá ẹni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ lẹ́bi. Ṣùgbọ́n a bẹ ẹ̀yin tíṣà wa tí ẹ bá fẹ́ lọ: ẹ fi nóòtù yín sílẹ̀ fún wa, ẹ sì jẹ́ kí iléèwé tètè gbọ́, kí wọ́n lè wá ẹlòmíì kí WAEC tó dé. Ìjọba náà, ẹ tọ́jú àwọn tó kù kí wọ́n lè dúró.

Ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí tó ń kọ́ni lókè òkun, kó wá sọ ti tiẹ̀ fún wa. Ààyè ṣì wà lójú pátákó yìí.