Akólẹ̀kódọ̀tí inú Ara àti Ọgbọ́n Àrékérekè Ikọ́ Ife



Bí akólẹ̀kódọ̀tí kò bá dé àdúgbò wa ní Èjìgbò fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, gbogbo wa ni a mọ òórùn tí a máa ń gbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ara ènìyàn rí. Sẹ́ẹ̀lì tí ojú lásán kò lè rí ni ó para pọ̀ di ara, ìdọ̀tí a sì máa jọ sínú wọn lójoojúmọ́. Àpò kéékèèké tí ń pa ìdọ̀tí náà rẹ́ ni à ń pè ní láìsósóòmù. Christian de Duve, onímọ̀ ará Bẹ́ljíọ̀mù, ni ó sọ ọ́ lórúkọ yìí ní ọdún 1955. Ó wà lára àwọn tí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1974.

Báwo ni àpò yìí ṣe ń wáyé? Inú sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ni ẹ́ńsáìmù, èyíinì àwọn èròjà tí ń da nǹkan, ti ń jáde. Wọn a gba ibi kan tí à ń pè ní Golgi kọjá. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gba àmì sára, bí ìgbà tí a kọ àdírẹ́sì sára lẹ́tà, kí wọ́n má baà ṣìnà. Lẹ́yìn náà, àpò kéékèèké a gbé wọn lọ síbi tí láìsósóòmù ti ń dàgbà. Omi inú láìsósóòmù kan. Ibẹ̀ ni ẹ́ńsáìmù ti ń lágbára. Bí díẹ̀ bá jò síta, agbára rẹ̀ a dín kù, kò ní tètè ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan jẹ́ ọmọ ogun ara. Bí wọ́n bá rí kòkòrò àrùn, wọn a gbé e mì, láìsósóòmù a sì wá dà á. Ṣùgbọ́n kòkòrò ikọ́ ife, tí Robert Koch ará Jámánì ṣàwárí rẹ̀ ní ọdún 1882, gbọ́n féfé. Bí ọmọ ogun bá gbé e mì tán, a dí ọ̀nà mọ́ láìsósóòmù. Ó lè sá pamọ́ síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí agbára ara yóò fi dín kù.

Èyí wà lára ohun tí ó mú kí ìtọ́jú rẹ̀ pẹ́, tí ó sì máa ń gba oṣù mẹ́fà (6) fún ọ̀pọ̀ aláìsàn. Ẹni tí ikọ́ dá lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì, tí ó sì pa oògùn tì, kò tíì bọ́. Àwọn kòkòrò tí wọ́n fara pamọ́ lè tún jáde, kí oògùn àkọ́kọ́ má sì ràn wọ́n mọ́.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ti ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì (2) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn rẹ̀ ní àwọn ibùdó ìtọ́jú ikọ́ ife ti ìjọba. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ohun ìtìjú. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa ṣí fèrèsé yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn sí. Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà. Àmín.