Ṣé O Mọ̀? Ìtàn Orin Lórí Afẹ́fẹ́

Ṣé o mọ̀ pé ìlú kan náà, nínú oṣù kan náà, ni ètò rédíò ńlá méjì lórí ìtàn orin rọ́ọ̀kì ti kọ́kọ́ jáde? Los Angeles ni ìlú náà, oṣù kejì ọdún 1969 sì ni. Rédíò KRLA, tó fi Pasadena lẹ́bàá ìlú náà ṣe ibùjókòó, bẹ̀rẹ̀ Pop Chronicles ní ọjọ́ 9, wákàtí kan lọ́sẹ̀. Oṣù náà kò tíì parí tí KHJ, orogún rẹ̀, fi gbé The History of Rock and Roll jáde: wákàtí 48, lópin ọ̀sẹ̀ kan péré. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ tán kò ní fojú kan oorun. Ti KRLA ló wù mí jù. Ìtàn tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ń fún olùgbọ́ láyè láti jiyàn lórí rẹ̀, iyàn jíjà sì ni ìdajì adùn ọ̀rọ̀ orin.

Ṣé o mọ̀ pé aláwàdà ni John Gilliland tó ṣe Pop Chronicles? Ó wà lára ẹgbẹ́ The Credibility Gap, àwọn tó ń fi ìròyìn ojoojúmọ́ dá àpárá lórí KRLA. Àjọ̀dún orin tó wáyé ní Monterey lọ́dún 1967 ló ru ú sókè tó fi rí i pé orin àwọn ọ̀dọ́ ti ní ìtàn tó yẹ kí èèyàn jókòó sọ. Wákàtí 55 ló fi sọ ọ́. Nígbà tó yá, ó tún fi wákàtí 24 sọ ti orin àwọn ọdún 1940. Ohùn àwọn olórin tó gbà sílẹ̀ wà ní yunifásítì North Texas lónìí, ètò náà sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. (Ó wù mí kí ẹnì kan fi irú rẹ̀ ta àpàlà àti sákárà lọ́rẹ.)

Lára àwọn tó bá Gilliland sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọdún 1940 ni Bing Crosby, olórin Amẹ́ríkà. Ṣé o mọ̀ pé Crosby yìí wà lára àwọn tó la ọ̀nà tí Gilliland tọ̀? Láyé ìgbà tí Crosby ń gbayì, ètò rédíò ńlá ní Amẹ́ríkà kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbà sílẹ̀ de ọjọ́ mìíràn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni ayé ń gbọ́ ọ. Aago ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè náà sì fi wákàtí 3 ṣáájú ti ìwọ̀-oòrùn, nítorí náà olórin a ṣe ètò tán, a tún padà wá ṣe é látìbẹ̀rẹ̀ fún apá kejì. Ó sú Crosby. Gọ́ọ̀fù ló máa ń fẹ́ lọ gbá ní tirẹ̀.

Téèpù ló gbà á. Àwọn ará Jámánì ló ní ẹ̀rọ téèpù tí ohùn rẹ̀ mọ́ gaara nígbà náà. Magnetophon ni wọ́n ń pè é. Jack Mullin, sójà Amẹ́ríkà kan, rí i nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, ó tú ẹ̀rọ 2 palẹ̀, ó sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ sílé ní wẹ́wẹ́. Ẹ̀rọ wọ̀nyí ni Crosby lò: ní ọdún 1947, ètò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ti orí téèpù jáde. Crosby tún kó $50,000 fún Ampex, ilé iṣẹ́ kékeré kan ní California, kí wọ́n lè máa rọ irú ẹ̀rọ náà.

Téèpù ló jẹ́ kí èèyàn lè fi abẹ gé ọ̀rọ̀, kó yọ ikọ́ àti ìkólòlò kúrò, kó sì lẹ ohun tó kù mọ́ ara wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ tó wà nínú ètò ìtàn orin nìyẹn. Olórin ń ṣàlàyé ibi tó ti rí ohùn orin kan, kó tó pa ẹnu dé, orin náà ti ń yọ́ wọlé lábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìwé kò lè ṣe èyí láéláé, bó ti wù kí òǹkọ̀wé mọ̀ ọ́n kọ tó.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, BBC Radio 1 ṣe ètò ìtàn orin tirẹ̀ lọ́dún 1973: The Story of Pop, ìpín 26, Alan Freeman ni ohùn rẹ̀. Ìwé ìròyìn kan tó ń bá a rìn ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ètò ìtàn lè jí orin dìde? Láàárín 1962 sí 1965, ẹgbẹ́ Beatles kọrin nínú ètò BBC tó lé ní 50. Orin oríṣiríṣi 88 ni wọ́n kọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì sí lórí àwo kankan tí wọ́n ṣe nígbà náà. Ṣùgbọ́n BBC kì í sábà tọ́jú téèpù; wọ́n máa ń pa ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́ kí wọ́n lè tún un lò. Nígbà tí Kevin Howlett ń kó ètò rédíò The Beatles at the Beeb jọ fún ọdún 1982, wíwá-kiri di apá kan iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn olùgbọ́ tó ti fi ẹ̀rọ tiwọn gba ètò náà sílẹ̀ nínú ilé wà lára àwọn tó gba orin wọ̀nyí là. Ní 1994, díẹ̀ nínú àwọn orin náà di àwo Live at the BBC. Ọmọdé tó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ ti rédíò ní yàrá fi hàn pé òun gbọ́n ju ọ̀gá onítéèpù lọ.

Ṣé o mọ̀ pé Georges Collinet, ọmọ Kamẹrúùnù tí ọ̀pọ̀ ní Áfíríkà mọ ohùn rẹ̀ láti orí rédíò Voice of America, ló tún wá ń sọ ìtàn orin Áfíríkà fún àwọn ará Amẹ́ríkà? Ètò Afropop, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1988, ló fi ṣe é.

Ti Fẹlá ńkọ́? Ní ọdún 2025, Jad Abumrad, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, fi ìpín 12 sọ ìtàn rẹ̀ nínú pọ́díkáàsì Fela Kuti: Fear No Man. Ṣùgbọ́n ṣé o mọ̀ pé ohùn ìdílé náà ti wọ inú àwo tipẹ́? Bàbá bàbá Fẹlá, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, kọ orin ìyìn lédè Yorùbá sínú àwo Zonophone ní London lọ́dún 1922. Fẹlá fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́ rédíò: nígbà tó ti London dé ní 1963, NBC, ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba Nàìjíríà nígbà náà, ló gbà á sí iṣẹ́ olóòtú ètò. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ kan náà, Benson Idonije, ló di alákòóso ẹgbẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọmọ ọmọ Idonije yìí ni Burna Boy.