Èrò tó ń kọjá ní Ṣàgámù Interchange: owó ńlá ni fún oníṣòwò tó bá lè mú wọn yà sí Abẹ́òkúta

Kò sí ọjọ́ tí ilẹ̀ máa mọ́ tí ọkọ̀ kò ní í gba Ṣàgámù Interchange kọjá. Ibẹ̀ ni ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 1978, ti pàdé ọ̀nà tó lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, Ọ̀rẹ̀ àti Benin. Ibẹ̀ náà ni ẹni tó bá ń lọ sí Abẹ́òkúta ti máa ń yà. Àwọn tó ń ta búrẹ́dì, gàlà àti omi inú ọ̀rá níbẹ̀ mọ̀ pé èrò pọ̀. Ṣùgbọ́n èrò tó kàn ń kọjá, owó rẹ̀ náà ń bá a kọjá ni. Ẹni tó ń sáré tẹ̀lé mọ́tò gbọ́dọ̀ ta ọjà, kó fún èèyàn ní ṣéńjì, kó sì tètè sá kúrò lójú ọ̀nà kí tírélà má baà gbá a. Èrè ibẹ̀ kéré, ewu ibẹ̀ pọ̀.

Òwò mìíràn wà ní oríta yìí tí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin oníṣòwò kò tíì kà sí. Òwò náà ni kíkó àwọn èèyàn lọ wo ibi tí ogun ti jà rí, àti odò àti àpáta tó wà níbẹ̀.

Àwọn ará Thailand ti ń jẹun nídìí irú òwò yìí tipẹ́. Ní ìgbèríko Kanchanaburi, lẹ́bàá odò Kwai, àwọn ọmọ ogun Japan fipá kó àwọn tí wọ́n mú lójú ogun àti àwọn lébìrà ilẹ̀ Éṣíà ṣiṣẹ́ láàárín ọdún 1942 sí 1943, kí wọ́n lè la ojú irin gba inú igbó lọ sí Burma. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló kú sídìí iṣẹ́ náà. Lónìí, àlejò ń ti gbogbo ayé wá wo afárá ibẹ̀ àti ibojì àwọn ọmọ ogun tó kú. Ẹ wò ó, ìjọba ló ni ọkọ̀ ojú irin o, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta oúnjẹ, tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé èèyàn, tó ń fún àlejò ní ibi tí wọ́n máa sùn, oníṣòwò bíi tiyín ni púpọ̀ nínú wọn.

Ṣé àwa náà kò ní tiwa ni? A ní in. Láti Interchange dé Abẹ́òkúta kò ju bíi kìlómítà 42 lọ, Ààrẹ Muhammadu Buhari sì wá ṣí ọ̀nà náà lẹ́yìn àtúnṣe ní oṣù kìíní, ọdún 2022. Ìlú tí ogun bí ni Abẹ́òkúta. Lọ́dún 1830 ni Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá tí ogun lé kúrò nílé wá sí abẹ́ àpáta Olúmọ. Ní ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta, ọdún 1851, ọmọ ogun Ọba Ghezo ti Dàhòmì la Odò Ògùn kọjá, wọ́n sì kọ lu ìlú náà lápá ẹnubodè Aró. Àwọn jagunjagun obìnrin wà nínú wọn. Àwọn Ẹ̀gbá lé wọn padà. Ọba Glele tún kó ogun wá ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹta, ọdún 1864, òun náà kò rí ìlú kó.

Ìtàn kan wà níbẹ̀ tó kan ẹ̀yin oníṣòwò gan-an. Ìyáàfin Ẹfúnróyè Tinúbú, tí wọ́n lé kúrò l'Ékòó lọ́dún 1856, ló ń wá ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn Ẹ̀gbá. Lọ́dún 1864 ni wọ́n fi í jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá. Òwò ẹrú náà wà lára ohun tó ṣe o. Ẹni tó bá máa mú àlejò káàkiri kò gbọdọ̀ fi ìyẹn pamọ́, torí àlejò tó bá ká irọ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́ kò ní í padà wá.

Ilẹ̀ Rẹ́mọ náà ní ìtàn tirẹ̀. Torí ogun ni àwọn ìlú kéékèèké ṣe para pọ̀ di Ṣàgámù lọ́dún 1872. Ìkẹ́nnẹ́, níbi tí wọ́n bí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sí lọ́dún 1909, kò jìnnà síbẹ̀. Obì Ṣàgámù lókìkí, bẹ́ẹ̀ ni àdìrẹ wà ní Ìtòkú, nítòsí Olúmọ. Nǹkan tí àlejò máa rà lọ sílé nìyẹn.

Ta ni oníbàárà yín? Ẹ wo àwọn tó ń ti Èkó àti òkè òkun wá ṣe ìnáwó ní Rẹ́mọ lọ́jọ́ Sátidé. Tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, ọ̀pọ̀ wọn kì í ní ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹ tún wo àwọn ilé-ìwé, ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹgbẹ́ mọ́ṣáláṣí. Kò pọn dandan kí ẹ ní bọ́ọ̀sì. Ẹ lè háyà rẹ̀ ní gáréèjì, kí ẹnì kan máa se oúnjẹ, kí ẹnì kejì máa wá èrò.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń fẹsẹ̀ kọ ni iye tí wọ́n máa gbà. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní bọ́ọ̀sì oníjókòó 14, epo àti ẹni tó ń ṣàlàyé jẹ́ N100,000, tí oúnjẹ àti owó ìwọlé ẹnì kan sì jẹ́ N6,000. Ẹ má fi 14 pín N100,000 yẹn, torí bọ́ọ̀sì kì í fi gbogbo ìgbà kún. Ẹ fi 10 pín in, ó di N10,000. Ẹ fi N6,000 kún un, kí ẹ fi èrè N2,000 lé e, ó di N18,000. Tí èèyàn mẹ́wàá bá wá, èrè yín jẹ́ N20,000. Tí 14 bá wá, ó di N68,000. Tó bá jẹ́ mẹ́jọ ló wá, ẹ máa pàdánù N4,000. Torí náà, tí ẹ kò bá tíì gba owó èèyàn mẹ́sàn-án sọ́wọ́, ẹ má gbéra.

Ẹ mọ àsìkò pẹ̀lú. Oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá ni omi Odò Ògùn máa ń kún, pàápàá tí wọ́n bá ń tú omi sílẹ̀ láti ìdídò Ọyán. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù fún etí odò. Ẹ béèrè ṣáájú bóyá ẹ̀rọ agbénisókè tó wà ní Olúmọ ń ṣiṣẹ́, torí àwọn àgbàlagbà. Ẹ wá ibi tó mọ́ tí èrò ti lè tura, tó sì kúrò lẹ́bàá títì. Ẹ má fi òru rìn.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ fi bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo dán an wò lọ́jọ́ Sunday kan, kí ẹ kọ gbogbo owó tó wọlé àti èyí tó jáde sílẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.