Kí Ọmọ Tó Fọhùn, Etí Rẹ̀ Ti Gbọ́ Yorùbá

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ìyá wa wá láti Ìkéré kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Baṣìrì, Adó-Èkìtì. Ọmọ méjì ni ẹ̀gbọ́n mi bí. Ọkùnrin ni àgbà, ó ti pé ọdún mẹ́rin. Obìnrin ni àbúrò rẹ̀, oṣù mẹ́wàá péré ni. Ìyá wa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kí ọmọkùnrin náà bá òun mú ọ̀já wá lórí ibùsùn kí òun lè pọ̀n àbúrò rẹ̀. Ọmọ náà wo ojú ìyá àgbà, ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè pé kí ni Màmá wí. Ẹ̀gbọ́n mi túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ìyá wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ irú ẹ̀rín tí ó jẹ́.

Kò sí ẹni tí ó pinnu láti sọ ọmọ náà di àjèjì sí ìyá àgbà rẹ̀. Nígbà tí kò tíì pé ọdún méjì ni wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ní nọ́sìrì rẹ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí wọ́n máa bá a sọ nílé, kí èdè méjì má baà da ọpọlọ rẹ̀ rú. Òun àti ọkọ rẹ̀ ń sọ Yorùbá láàrin ara wọn. Bí wọ́n bá ti kọjú sí ọmọ, wọ́n á yí i padà. Èmi tí mo ka èdè Yorùbá ní yunifásítì, n kò ní èsì tí ó já gaara fún un nígbà náà. Ìyẹn ni ó sún mi dé ìdí ohun tí àwọn onímọ̀ ti rí nípa bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń kọ́ ọ̀rọ̀.

Ẹ̀kọ́ náà kì í dúró de ìgbà tí ọmọ bá fọhùn. Ní ọdún 1980, Anthony DeCasper àti William Fifer fi hàn ní Amẹ́ríkà pé ọmọ tuntun tí kò tíì pé ọjọ́ 3 ti dá ohùn ìyá rẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí ti obìnrin mìíràn. Ní 1984, Janet Werker àti Richard Tees ní Canada rí i pé àwọn ọmọ oṣù 6 sí 8 tí wọ́n ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé lè ya àwọn ìró èdè Híńdì kan sọ́tọ̀, èyí tí àwọn àgbà tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì kò lè yà. Nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fi di ọmọ oṣù 10 sí 12, agbára náà ti lọ sílẹ̀. Kì í ṣe pé ọmọ gọ̀. Ohun tí àwọn ará ilé rẹ̀ ń lò ni ó ń fi etí sí, ó ń pa ìyókù tì.

Ìwádìí tí ó kan Yorùbá gan-an ni ó dùn mọ́ mi jù. Ní ọdún 2000, Phil Harrison tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn ọmọ oṣù 6 sí 8 tí wọ́n ń gbọ́ Yorùbá, ó fi wọ́n wé àwọn ẹgbẹ́ wọn tí ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ohùn bá yí ní ibi tí Yorùbá ti ń ya ohùn òkè kúrò lára ohùn yòókù, àwọn ọmọ Yorùbá fura. Àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kò kà á sí. Ẹ rò ó wò: ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìjókòó, tí kò mọ ohun tí ìlú jẹ́, tí kò sì mọ ohun tí ìlù jẹ́, etí rẹ̀ ti ń múra láti yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹnu náà kì í sì pẹ́ tẹ̀ lé etí. Bénédicte de Boysson-Bardies, onímọ̀ ará Faransé, gba ohùn àwọn ọmọ ọwọ́ oríṣiríṣi sílẹ̀, ìyẹn ìró tí kò nítumọ̀ tí ọmọ máa ń fi ẹnu ṣeré. Àwọn ọmọ Faransé, Gẹ̀ẹ́sì àti Sweden sábà máa ń fi kọ́ńsónáǹtì ṣíwájú: bababa, dadada. Àwọn ọmọ Yorùbá sábà máa ń fi fáwẹ̀lì ṣíwájú, bí aba tàbí ede. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ orúkọ wa: ọmọ, omi, ẹja, ilé, àgbàdo. Fáwẹ̀lì ni ó ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn. Ọmọ náà kò tíì ní ọ̀rọ̀ kan ní ìkáwọ́, ṣùgbọ́n ó ti mọ bí ọ̀rọ̀ èdè rẹ̀ ṣe ń rí.

Nígbà tí mo kà á tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí fi etí sí ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi. "Aba, aba," ni ó ń wí bí ó ti ń fi ṣíbí lu ilẹ̀. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wo ara wa. Bí ó bá dàgbà lẹ́yìn ìyá wa, yóò tún fi u kún un, nítorí Yorùbá àjùmọ̀lò kì í fi u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ulé ni ìyá wa ń pe ilé, uṣu ni ó ń pe iṣu.

(Bí ọmọ bá dé oṣù mẹ́wàá tí kò fi ẹnu ṣeré rárá, ẹ má ṣe dá èdè méjì lẹ́bi. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò. Ibà pọ́njú tí ó le nígbà tí ọmọ wà ní ìkókó, àti àìsàn lọ́rùnlọ́rùn, lè ba etí jẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú ilé fura.)

Ohun tí wọ́n sọ ní nọ́sìrì ńkọ́? Ní 1993, Barbara Pearson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kéékèèké ní Miami tí wọ́n ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Sípáníìṣì. Nígbà tí wọ́n pa ọ̀rọ̀ inú èdè méjèèjì pọ̀, àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn lẹ́yìn àwọn elédè kan. Bí ọmọ bá da Yorùbá pọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú gbólóhùn kan, ohun tí àwa àgbà ń ṣe ní Ọjà Ọba lójoojúmọ́ ni ó ń ṣe.

Àwọn òbí kan yóò ní kí tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù bá wọn kọ́ ọmọ. Patricia Kuhl dán irú rẹ̀ wò ní Seattle, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2003. Ó mú àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n jẹ́ ọmọ oṣù 9, ó jẹ́ kí ará Ṣáínà bá àwọn kan ṣeré ní èdè Mandarin ní ẹ̀ẹ̀mejìlá. Àwọn mìíràn wo ẹni kan náà nínú tẹlifíṣọ̀n. Àwọn tí èèyàn bá ṣeré kọ́ ìró èdè náà. Àwọn tí ó wo tẹlifíṣọ̀n kò kọ́ nǹkan kan. Ojú tí ń wo ojú ọmọ, tí ó rí ohun tí ọmọ ń wò, tí ó sì dárúkọ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú náà, kò sí nínú àpótí. Bí ọmọ bá tẹjú mọ́ adìyẹ, adìyẹ ni kí a pè fún un, kì í ṣe ìwé aláwòrán tí a fẹ́ kí ó wò.

Ní ti èyí, àwọn ìyá wa ti ní ọgbọ́n tiwọn. Ìyá wa kò fi orúkọ inú ìwé ìbí pe ọmọbìnrin náà rí. Àbẹ̀kẹ́ ni ó ń pè é, á fà á gùn, á dákẹ́, á dúró kí ọmọ náà fi ohùn kan dáhùn, kí ó tó tún kì í. Denise Mandel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 1995 pé ọmọ oṣù mẹ́rin àbọ̀ ti ń dá orúkọ ara rẹ̀ mọ̀ láàrin orúkọ mìíràn.

Èdè sì ń kọ́ ọmọ ní ohun tí yóò máa ṣàkíyèsí. Soonja Choi àti Melissa Bowerman fi hàn ní 1991 pé àwọn ọmọ Kòríà, láti kékeré, ń lo ọ̀rọ̀ ìṣe kan fún ohun tí ó wọ inú nǹkan tí ó sì há, òmíràn fún èyí tí kò há, nítorí bẹ́ẹ̀ ni èdè wọn rí. Tiwa ńkọ́? A ń wọ ẹ̀wù, a ń dé fìlà, a ń wé gèlè, a ń ró ìró. A ń pọ̀n ọmọ, a ń ru igi, a ń kó àwo, a ń gbé àga. Ọmọ tí ó fẹ́ sọ ọ́ dáadáa gbọ́dọ̀ wo ibi tí ẹrù náà wà lára èèyàn. Ọmọkùnrin ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé òun fẹ́ "wọ fìlà". Mo rẹ́rìn-ín, àánú sì ṣe mí.

Ọ̀rọ̀ yìí kò parí sí inú ilé. Ní 1970, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan tí olùkọ́ tirẹ̀ ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti ọdún kẹrin lọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì bàjẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Ó ní ìjákulẹ̀ nínú ìdánwò pọ̀ jù níbi tí wọ́n ti ń lò ó. Èmi kò fara mọ́ ọn. N kò rí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní àdúgbò wa tí ó tilẹ̀ gbìyànjú ìlànà náà kí wọ́n tó pa á tì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìyá wa lò ní Baṣìrì. Kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan; ó ń bó iṣu, ó ń sọ ohun tí ó ń ṣe, ó ń pa àlọ́ ní alẹ́. Ní ọjọ́ tí yóò padà sí Ìkéré, ó ti pọ̀n ọmọbìnrin náà sẹ́yìn, ọmọkùnrin sì dúró níwájú rẹ̀.

"Màmá, ẹ pọ̀n èmi náà," ni ó wí.

Ìyá wa ní ọmọ ọdún mẹ́rin ti wúwo jù, ẹ̀yìn ń dun òun. Ó ti ń tú ọ̀já bí ó ti ń sọ ọ́.