Ọmọ Kétu tó pé ọdún 18: kí ni òfin ń retí lọ́wọ́ rẹ̀?

Ní ọdún 1931, ìjọba Faransé kó àṣà àwọn ìlú Dàhòmì, tó di Benin lónìí, jọ sínú ìwé kan tí wọ́n fi ń dájọ́. Lójú ìwé yẹn, obìnrin kò lágbára kankan; ara ogún ni wọ́n kà á mọ́. Ọdún 1996 ni ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin ìpìlẹ̀ Benin tó kéde pé ìwé náà kò de ẹnikẹ́ni mọ́. Ọ̀pọ̀ ìyá tó ń rán ọmọ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Kétu lónìí ti wà láyé nígbà náà.

Òfin ènìyàn àti ẹbí ti 24 oṣù kẹjọ 2004 ló ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ó ní ẹni tó bá pé ọdún 18 ti di àgbà. Ó lè tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, ó lè yáwó. Bí kò bá san án, òun fúnra rẹ̀ ni wọn yóò pè lẹ́jọ́.

Ti ogún ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin gbọ́ yékéyéké. Ìpín kan náà ni òfin yìí fún ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin nínú ohun tí òbí wọn fi sílẹ̀. Àwọn ọkùnrin ló sì sábà ń jókòó pín ilẹ̀ oko lọ́dọ̀ wa. Ọmọbìnrin tí kò mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ yóò máa dúpẹ́ ìwọ̀nba tí wọ́n bù fún un. Ilé ẹjọ́ wà ní Pọ́bẹ̀, lóòótọ́, àmọ́ ta ló fẹ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́jọ́? Nínú ìpàdé ẹbí gan-an ni ìmọ̀ yìí ti wúlò jù.

Òfin ìgbéyàwó náà dúró lórí ọdún 18. Ẹni tó bá rò pé òun lè mú ọmọ kọjá ẹnubodè Ìlárá lọ gbé e níyàwó ní Ìmẹ̀kọ, ní Nàìjíríà, kó mọ̀ pé ọdún 18 kan náà ni òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé Nàìjíríà ti 2003 sọ, ìpínlẹ̀ Ògùn sì ti gbà á wọlé.

Fóònù ńkọ́? Òfin ayélujára Benin ti 2018 lè rán ẹni tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ dààmú ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì.

Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ àwọn òfin Benin wọ̀nyí. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ tàbí mẹkáníìkì ni kò lè kà wọ́n. Ẹ jẹ́ ká fi Yorùbá kọ́ wọn láti ọdún 15, ní ilé ẹ̀kọ́ àti ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá wọn, ká sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé ọjọ́ ìbí tí ANIP, iléeṣẹ́ ìjọba Benin tó ń rí sí ìdánimọ̀ ènìyàn, ń fúnni. Ẹni tí kò ní in, kí ni yóò fi jẹ́rìí níwájú adájọ́ pé òun kò tíì pé 18?