Ẹ̀rọ Géèmù Tẹ́ẹ́rẹ́ Nínú Eruku Kàdúná

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, nígbà tí Nvidia, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú àwọn tí ń ṣe chip tí ń gbé àwòrán géèmù jáde, kéde ọgbọ́n tuntun kan tí wọ́n sọ ní Max-Q ní ìlú Taipei, tí ASUS sì fi ọgbọ́n náà kọ́ Zephyrus, kọ̀ǹpútà alágbèéká tí kò nípọn tó mìlímítà 18, inú àwọn ọ̀dọ́ tí ojú ti ń kán fún agbára àti ẹwà nínú ara kan ṣoṣo dùn ṣìnkìn. Láti ìgbà náà ni irú wọn ti ń tinrín sí i, títí a fi dé orí Zephyrus G14 ti ọdún 2024, arẹwà-má-wúwo, ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ onírin dídán, tí gbogbo ara rẹ̀ kò ju nǹkan bí kìlógíráàmù kan ààbọ̀ lọ, tí owó rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 1,600 dọ́là ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó bá rí i nínú ìsọ̀ kan ní Ahmadu Bello Way ní Kàdúná tí kò yíjú wò ó lẹ́ẹ̀kejì, ojú ló ń dun olúwarẹ̀. Ṣùgbọ́n tibi-tire la dálé ayé, ooru sì ni ibi tí ó fara pamọ́ sínú ire yìí.

Ẹni tí ó gbé odó mì, ìdúró ni yóò sùn. Gbogbo iná tí chip bá jẹ ni í sọ di ooru. Bí ooru náà kò bá tètè ríbi gbà jáde, tí inú ẹ̀rọ sì ń sún mọ́ ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, chip á fúnra rẹ̀ dẹ ẹsẹ̀, géèmù tí ń lọ geere á bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀, fáànù á sì máa hu. Nítorí náà ni àwọn aṣẹ̀rọ ṣe ń dín iná chip kù nínú ara tẹ́ẹ́rẹ́. RTX 4070 ti kọ̀ǹpútà alágbèéká lè gba watt 35, ó sì lè gba 115, bí ó bá ti wu ilé-iṣẹ́ tí ó kàn án mọ́ ẹ̀rọ. Orúkọ kan náà ni a ó kà lára páálí, agbára wọn kì í ṣe ọgbọọgba. Ẹni tí kò bá bi ọlọ́jà léèrè iye watt, orúkọ ló rà.

Ní Kàdúná, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì ni ọyẹ́ ń gbé eruku aṣálẹ̀ wá, eruku lẹ́búlẹ́bú tí í wọ inú ilé tí a ti ti fèrèsé rẹ̀ pa. Bí ọyẹ́ bá sì ti kásẹ̀ nílẹ̀, ooru oṣù kẹta àti ìkẹrin dé, tí í máa lé ní 35 lọ́sàn-án. Abẹ́ ni púpọ̀ nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí ti ń fa atẹ́gùn. Bí a bá tú ìdí ọ̀kan tí a ti lò lórí bẹ́ẹ̀dì fún odidi ìgbà ọyẹ́, a ó rí i pé eruku ti bá òwú aṣọ ìbùsùn pọ̀, ó ti dì bí aṣọ òfì sáàárín àwọn awẹ́ irin wẹ́wẹ́ tí ooru yẹ kí ó gbà jáde. Nínú ẹ̀rọ onípọn, irú Lenovo Legion tí òmíràn wúwo tó kìlógíráàmù 2.5, ẹni tí ó ní skrúdíráfà àti búrọ́ọ̀ṣì lè gbọ́n ọn dànù, ó sì lè fi RAM kún un ní ọ̀pọ̀ ìgbà bí owó bá yọ. Ti tẹ́ẹ́rẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti jó RAM G14 ti 2024 mọ́ pátákó. Iye tí a bá rà á ni a ó máa bá yí. Nínú Zephyrus púpọ̀, irin olómi ni ASUS tún fi sáàárín chip àti irin tí ń gbé ooru lọ, ẹ̀kán kan rẹ̀ tí ó bá sì ta sí pátákó lè jó o. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ alátùn-únṣe ẹ̀bá títì.

Ta ni ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ wá tọ́ sí? Arìnrìn-àjò ni. Ẹni tí ń ti Barnawa lọ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Rigasa lọ sí Àbújá, tí ó ń fi ẹ̀rọ kan náà gé fíìmù lọ́sàn-án, tí ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù orí géèmù lálẹ́, yóò mọ iyì kìlógíráàmù tí a dín kù. Kí ó ṣá má gbàgbé charger, nítorí lórí bátìrì nìkan, géèmù kò ní í pẹ́, agbára rẹ̀ kò sì ní í pé. Bátìrì náà kò sì lè tóbi títí: àwọn ọkọ̀ òfuurufú kò fẹ́ bátìrì tí ó ju watt-wákàtí 100 lọ láìgba àṣẹ, àwọn aṣẹ̀rọ kì í sì í kọjá ibẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rọ tirẹ̀ kì í kúrò lórí tábìlì ní Kakuri, lójú tèmi, ẹwà yẹn ti wọ́n jù fún un: owó kan náà yóò ra ẹ̀rọ onípọn tí ó lágbára jù ú lọ.

Bí ó bá sì jẹ́ tòkunbọ̀ ni ọkàn yín ń fà sí, ẹ gbé e sórí tábìlì tí ó tẹ́jú, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ó bá ń mì, tàbí tí ojú ibi tí ìka ń rìn lábẹ́ kííbọọ̀dù bá ti gbé sókè, bátìrì rẹ̀ ti lè wú nìyẹn. Ẹ dá a padà fún ọlọ́jà kí ẹ tó bi í ní iye tí ó ń tà á.