Oko Baba Ẹlòmíràn: Ìdí Tí Mẹ̀kúnnù Kì Í Fi Í Bèèrè Ìpín Rẹ̀

Àwọn àgbà ni wọ́n wí pé ìka kò dọ́gba. Àwọn àgbà kan náà ni wọ́n sì wí pé bí olówó kan bá wà láàrin òtòṣì mẹ́fà, òtòṣì di méje. Láàrin òwe méjèèjì yìí ni ìjà kan wà tí aráyé kò tí ì jà tán: ó ha yẹ kí ìjọba bù lára ohun ẹni tí ó ní, kí ó fi tọ́jú ẹni tí kò ní? Bí ó bá sì yẹ, nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn tí kò ní ni wọ́n pọ̀ jù nídìí àpótí ìbò, kí ni kò jẹ́ kí wọ́n fi ìbò wọn gbà á?

Ní ọdún 1981, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì ní Amẹ́ríkà, Allan Meltzer àti Scott Richard, gbé ìṣirò kan kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní bí a bá to gbogbo olùdìbò, láti orí ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù dé orí ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù, ẹni tí ó dúró ní àárín gbùngbùn ni ìbò yóò tọwọ́ rẹ̀ yọrí. Bí owó àwọn tí ó wà lókè bá sì ti ń ga tí tirẹ̀ kò kúrò lójú kan, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa fẹ́ kí owó orí pọ̀ sí i, nítorí pé ohun tí yóò rí gbà nínú ìpín náà yóò ju ohun tí yóò san lọ. Ìṣirò náà gún régé. Ìwà ọmọ ènìyàn ni kò gún. Ní Amẹ́ríkà kan náà, owó orí àwọn olówó ńlá, tí ó ga tó 70 nínú ọgọ́rùn-ún ní ọdún 1980, ti wálẹ̀ sí 28 nígbà tí ó fi di ọdún 1988. Àlàfo àárín olówó àti mẹ̀kúnnù ń fẹ̀, síbẹ̀ ìbò ará ìlú ni ó dá Ronald Reagan, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé owó orí náà, padà sórí àléfà ní ọdún 1984.

Bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tí ó tóbi tó ti baba òun. Guillermo Cruces àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì rí òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní Buenos Aires, olú ìlú Ajẹntínà, nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2013. Àwọn oníwàádìí kan ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé, wọ́n bèèrè iye tí ń wọlé fún onílé, wọ́n sì wá bi í pé, nínú gbogbo ìdílé tí ó wà lórílẹ̀-èdè yìí, mélòó ni o rò pé owó wọn kéré sí tìrẹ? Ọ̀pọ̀ òtòṣì ka ara wọn sí ẹni àárín. Ọ̀pọ̀ olówó náà ka ara wọn sí ẹni àárín. Kì í ṣe pé wọ́n ń purọ́: aládùúgbò ni ojú ń rí, òun náà ni a sì fi ń wọn ara wa, tí ẹni tí ó ń jẹun ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ládùúgbò àwọn tí ń jẹ ẹ̀ẹ̀kan fi ń rò pé òun ti là. Wọ́n wá sọ ipò òdodo fún apá kan nínú wọn. Àwọn òtòṣì tí ó ti gbé ara wọn ga ju bí ó ti yẹ lọ, nígbà tí wọ́n gbọ́ ibi tí wọ́n wà gan-an, ni wọ́n yíjú padà tí wọ́n ní kí ìjọba túbọ̀ ran tálákà lọ́wọ́. Ní Sweden, ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2017 rí òdìkejì rẹ̀: ọ̀pọ̀ jù lọ rò pé àwọn rẹlẹ̀ ju bí wọ́n ti rí lọ, àwọn tí wọ́n sì fi ipò gíga wọn hàn kò fẹ́ ìpín púpọ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n kí ojú là nìkan kò tó. Ilyana Kuziemko àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi bí àlàfo náà ti fẹ̀ tó han àwọn ará Amẹ́ríkà, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2015: púpọ̀ nínú wọn gbà pé ọ̀ràn ńlá ni, ṣùgbọ́n èrò wọn lórí owó orí kò fi bẹ́ẹ̀ yí, àfi lórí owó tí ìjọba ń gbà nínú ogún àwọn olówó ńlá tí ó kú. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé ìgbẹ́kẹ̀lé wọn nínú ìjọba tún dínkù. Bí a bá gbà pé ẹran tó í pín, tí a kò fọkàn tán ẹni tí ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, a kì yóò gbé ẹran tiwa lé e lọ́wọ́.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkèèrè fún àwa ọmọ Yorùbá. Ní oṣù keje ọdún 1952, S. O. Awokoya, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wá sí ilé ìgbìmọ̀. Nígbà tí owó sì di dandan, ìjọba bu sílè mẹ́wàá àti sísì lé ará ìlú lórí fún ẹ̀kọ́ àti ìlera. Ariwo ta. Àgbẹ̀ rí sílè tí ó jáde lápò rẹ̀, kò tí ì rí ilé ìwé. Ohun tí ó ń rí ni pé ọmọ tí ń bá a ro oko fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ìparí ọdún 1954, nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀, Ẹgbẹ́ Alákùkọ (NCNC) fẹ̀yìn Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ (Action Group), tí ó ń ṣe ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, gbálẹ̀ nínú ilé rẹ̀, owó orí yìí sì wà lára ohun tí ó fà á.

Nígbà tí ó di ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ilé ìwé ṣí. Àwọn ọmọ tí kò sí ìwé ọjọ́ ìbí wọn na ọwọ́ kọjá lórí, ẹni tí ìka rẹ̀ bá kan etí kejì, ó wọlé. Iye àwọn ọmọ ilé ìwé sì ti bíi 456,000 kọjá 800,000 láàrin ọdún kan. Ní ọdún 1956, ìdìbò ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn dé, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ sì borí. N kò ní ẹ̀kọ́ nìkan ni ó bá wọn jà á; ṣùgbọ́n nígbà yẹn, sílè tí ó jáde lápò baba ti padà wọlé ní ìrọ̀lẹ́, ó gbé síléètì dání, ó sì ń ka A, B, D.